Àpótí Tí Uncle Mateo Kò Gbé

Lára àpótí tó dé sí ilé ìkẹ́rù wa ní College Park láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n kọ ọ́ pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Atlanta, ní Amẹ́ríkà níbí, ló ni ín. Ohun tí wọ́n hú jáde nínú ọkọ̀ ojú omi ayé àtijọ́ kan ló wà nínú ẹ̀, irú èyí tó ń fi ooru omi gbígbóná rìn. Òkun Yucatán, ní Mexico, ló rì sí.

Yucatán ni wọ́n bí Uncle Mateo sí. Ọmọ ẹ̀yà Maya ni, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí, nítorí náà mi ò lè máa pe orúkọ rẹ̀ lásán bí Linda ọ̀gá wa ṣe ń pè é. Ẹnu tèmi náà kì í dilẹ̀: ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí èèyàn, mo gbọ́dọ̀ kí i. Mo sáré lọ bá a.

“Uncle, congratulations o! Wọ́n ti rí ọkọ̀ yín!”

Ó ka orúkọ ọkọ̀ náà lára àpótí. “Kì í ṣe ọkọ̀ wa. Ọkọ̀ tó kó wa lẹ́rú ni. Wọ́n á mú àwọn èèyàn wa lójú ogun, wọ́n á kó wọn sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, wọ́n á lọ tà wọ́n sí oko ìrèké ní Cuba. Bàbá àgbà ìyá ìyá mi bá a lọ. A ò rí i mọ́.”

Ojú tì mí gan-an.

Níbi iṣẹ́ wa, a kì í fi ẹ̀rọ gbé ẹrù ẹlẹgẹ́. Èèyàn méjì ló ń fọwọ́ gbé e, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Èmi àti Uncle la jọ máa ń gbé irú ẹ̀. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ náà. Mo di iwájú mú. Uncle ò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ di ẹ̀yìn mú.

“Mateo, gbé e,” Linda ní. “Ọkọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ń dúró níta.”

“Ọkọ̀ ẹrú yẹn gbé èèyàn mi lọ. Èmi ò ní gbé e.”

“Tí o ò bá gbé e, bọ́ vest iṣẹ́ ẹ sílẹ̀, kó o máa lọ. Má padà wá.”

Mo bẹ Linda pé kí ẹlòmíì bá mi gbé e. Ó ní òun kì í ṣe pastor, iṣẹ́ lòun ń darí. Mo yíjú sí Uncle.

“Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ti àwọn ọmọ yín.”

“Àwọn náà ni mò ń rò.”

Ó bọ́ vest, ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì jáde.

Linda fúnra ẹ̀ ló di ẹ̀yìn mú. Mo múra gírí, mo gbé e. Àpótí náà fúyẹ́! Ìwé tó wà lára ẹ̀ ní ṣíbí díẹ̀, ìgò fífọ́ àti irin kékeré kan péré ló wà níbẹ̀. Inú bí mi.

Nígbà tí mo parí shift, mo bá Uncle níbi tó jókòó sí ní ibùdókọ̀ train. Mo jókòó tì í.

“Ṣé ó wúwo?” ó bi mí.

“Uncle, díẹ̀ ló kù kó já mi lápá.”

“Ó yẹ kó wúwo,” ó ní, ó sì bú sẹ́kún.