Omi Tí Mo Dà Sínú Jáàmù Àǹtí Wúrà

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé orí àpótí ni mo ní láti gùn kí n tó rí inú ìkòkò, mo bu ife omi kan, mo dà á sínú jáàmù tó ti jinná. N kò fi ṣeré o, ẹ̀rù ló bà mí. Mo lè jẹ́wọ́ rẹ̀ lónìí nítorí pé mo ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa, kò sì sí ẹni tó máa nà mí lẹ́gba mọ́.

Àǹtí Wúrà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló tọ́ mi dàgbà ní Sùúrùlérè. Tíṣà ni. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ á rántí irú ilé bẹ́ẹ̀: ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìdáná wà, ìdílé mẹ́rin ló ń lò ó, bí o bá gbàgbé ṣíbí síbẹ̀, ó ti di ṣíbí gbogbo ilé. Nígbà ìkórè ìjọ wa, olúkúlùkù obìnrin a máa gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá síwájú pẹpẹ. Ẹni tó ń yan búrẹ́dì á gbé búrẹ́dì, ẹni tó ń sin adìẹ á gbé adìẹ. Jáàmù ọ̀pẹ òyìnbó ni ti Àǹtí.

Ṣùgbọ́n lọ́dún tó ṣáájú, jáàmù náà kò dì. Ìyá Ìjọ gbé ìgò kan sókè lójú gbogbo èèyàn, ó mì ín, ó ní, "Àǹtí Wúrà, ṣé ká fi jẹ búrẹ́dì ni àbí ká fi mu gààrí?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àǹtí náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí a délé, kò jẹun. Ó ní, "Lọ́dún tó ń bọ̀, bí mo bá dojú ìgò mi kọlẹ̀, kò ní kán."

Nígbà tí ọdún pé, kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ìkórè la sè é. A bẹ ọ̀pẹ òyìnbó títí ètè mi fi ń ta mí, torí pé ẹyọ kan sí abọ́, ẹyọ kan sí ẹnu ni mo ń ṣe. Agbada irin tí a fi ń dín àkàrà ló gbé ka ààrò eléèédú. Ó da ṣúgà sí i, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó ń fi orógùn rò ó. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé; oyin tí n kò mọ ibi tí wọ́n ti wá dé. Nígbà tó yá, ó kán díẹ̀ sínú àwo tútù, ó fi ìka tì í, ara rẹ̀ hunjọ bí awọ orí ẹ̀kọ mímu tó ti tutù. "Ó ti dé!" Ìgò ló kù, ó fẹ́ lọ gba díẹ̀ kún un lọ́wọ́ aládùúgbò. Ó ní, "Máa rò ó lórí iná, kó má bàa dì kí n tó dé. Má dáwọ́ dúró, má sì kúrò níbẹ̀."

Kò tíì dé ẹnu géètì tí jáàmù náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta pọ́ọ́, pọ́ọ́. Ọ̀kan bà mí lọ́rùn ọwọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, omi gbígbóná á jó èèyàn, á sì ṣàn lọ. Jáàmù kì í lọ, ńṣe ló máa ń jókòó. Mo ju orógùn sílẹ̀, mo sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń yọjú wo agbada bí ẹni tó ń wo ajá tí wọn kò so. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n kan ti sọ sí mi lọ́kàn. Nílé wa, bí ẹ̀kọ bá ki jù tó ń ta, omi la fi ń pẹ̀tù sí i. Mo bu ife kan. Jáàmù dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo gun àpótí mi padà, mo ń rò ó bí ọmọ dáadáa.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí Àǹtí dé, ó yára rọ ọ́ sínú ìgò. "Ó ṣàn díẹ̀," ló wí, "bó bá tutù, á dì." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

Kò dì. Láàárọ̀ Sátidé, mo jí bá a lórí àpótí mi, ìgò kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń yí i sọ́tùn-ún sósì, jáàmù ń bá a yí bí omi. Kò bá mi wí. Ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀: "Ọwọ́ mi ni kò dára. N kò ní gbé nǹkan kan lọ síwájú wọn mọ́." Mo ti múra de ẹgba, ṣòkòtò méjì ni mo wọ̀, n kò múra de ìyẹn. Mo sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni mo ti pariwo: "Àǹtí, omi ni! Èmi ni mo da omi sí i! Ó ń ta mọ́ mi!"

"Omi?"

"Ife kan ni, Àǹtí."

"Omi lásán? Kì í ṣe ọwọ́ mi?"

Ẹ wò ó, inú obìnrin náà dùn! Kò nà mí. Ó tú gbogbo ìgò padà sínú agbada, ó ní omi tó bá wọlé, iná ló máa lé e jáde. Ìyà tí ó fi jẹ mí ni pé èmi ni n ó rò ó. Ó fi tówẹ̀lì tútù wé mi lọ́wọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Nígbà tó rí i pé ilẹ̀kùn ni mo ń wò, ó wá dúró sẹ́yìn mi, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ mi lórí orógùn, a jọ ń rò ó. Lọ́jọ́ Àìkú, ó dojú ìgò kọlẹ̀ níwájú Ìyá Ìjọ. Jáàmù kò mira. Ó ti pọ́n kọjá ààlà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Ìyá Ìjọ wò ó títí, ó ní, "Ẹ fi méjì pamọ́ fún mi."

Agbada yẹn ṣì wà. Ewébẹ̀ ni wọ́n gbìn sí i. Tómi, ọmọ ọmọ Àǹtí, ní ẹ̀rọ kan nílé rẹ̀ ní Yaba tó ń gé èso fúnra rẹ̀, tó ń rò ó fúnra rẹ̀, tó sì ń pe èèyàn bó bá jinná. Kò sí èédú, kò sí oyin. N kò bú u. Ọwọ́ ọmọ náà kò jó rí. Ó kàn jẹ́ pé nínú wàhálà ìgbà tiwa, ọwọ́ ẹlòmíràn máa ń wà níbẹ̀.

Lọ́dún yìí, Tómi ló fẹ́ gbé jáàmù lọ síbi ìkórè dípò Àǹtí, ẹni tí orúnkún kò jẹ́ kó lè dúró pẹ́ mọ́. Ó ní kí n jókòó ti ẹ̀rọ, òun fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ ra ìgò. Àǹtí wà lórí àga, ó ń tòògbé. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ náà fi han gooro, iná pupa tàn lójú rẹ̀, nǹkan ń hó yaya nínú rẹ̀. Èmi baba ọlọ́mọ mẹ́ta, mo fa wáyà rẹ̀ yọ, mo bọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Tómi wọlé. "Áńkù, kí ló pa á?"

Mo ní, "Wọ́n ti mú iná lọ."

Fáànù ń yí lókè orí wa. Àǹtí la ojú kan, ó wo fáànù, ó wo ilẹ̀kùn tí mo dúró sí lẹ́yìn.

"Tómi," ló wí, "kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti da omi sí i. Bí kò bá tíì dà á, tún ẹ̀rọ rẹ tàn, kó o sì di ọwọ́ Áńkù rẹ mú. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rù ti ń bà á."