Ojú Bàbá Mi Tí N Kò Wò Rí

Àárọ̀ kùtùkùtù ni a jọ máa ń nu ọ́fíìsì ní Citywest, ní Dublin, èmi àti bàbá ará Rọ́ṣíà kan. Ayàwòrán ni. N kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́, torí ta ni kì í sọ pé òun ti jẹ́ ẹni ńlá rí nílé? Èmi náà ń sọ ọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ kan ó fi pẹ́ńsù ya ọwọ́ mi tó di àkísà ìnulẹ̀ mú sẹ́yìn páálí, mo sì pa ẹnu mi dé.

Ó ní láti kékeré ni wọ́n ti fi òun sí ilé-ẹ̀kọ́ àwòrán. Ìjọba ìgbà náà ló gbà á síṣẹ́. Ojú àwọn òṣìṣẹ́ ló ń yà sára ògiri ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Nígbà tí ìjọba yẹn wó, ẹni tó ra ilé-iṣẹ́ náà fi ọ̀dà funfun pa gbogbo ojú wọ̀nyẹn rẹ́. Ó dúró wò wọ́n títí wọ́n fi ṣe é tán. Lẹ́yìn náà ló wá sí Dublin, níbi tí gbogbo ayé ti ń kọ́lé nígbà náà, tí iṣẹ́ sì pọ̀. Tó bá di Sátidé, á gbé àga méjì lọ sí etí Moore Street, á máa ya ojú àwọn tó ń kọjá.

Nígbà tí bàbá mi kú, páspọ́ọ̀tù mi wà lọ́dọ̀ ìjọba, torí mo ń tọrọ ìwé ìgbélùú tuntun. Kò sí bí mo ṣe lè lọ sin ín. Àbúrò mi pè: "Àǹtí mi, ẹ má worry. A máa ṣe video coverage fún yín, ẹ máa rí everything." Mo dúpẹ́, mo sì ju fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì. Ta ló ń fi fídíò dágbére fún bàbá rẹ̀?

Ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ rí. Mo mú fọ́tò kan ṣoṣo tí mo ní lọ sílé ayàwòrán náà ní Tallaght, mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi ya Dádì kí ọjọ́ ìsìnkú tó pé. Dígí dúdú ni Dádì fi bojú nínú fọ́tò náà, bí àwọn ọkùnrin ayé ìgbà yẹn.

Ayàwòrán náà ní, "Báwo ni ẹyinjú rẹ̀ ṣe rí? Ó tóbi ni? Ó jìn ni?"

Nílé wa, bí Dádì bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, ilẹ̀ lò ń wò. Ọmọ tó bá gbójú sókè wò ó, ìfọ́tí ló ń wá. Mo pe àbúrò mi.

"Ojú Dádì kẹ̀? Àǹtí mi, ta ló jẹ́ wò ó?"

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nílé tiwa, kò sí lójú o. Ẹkún gbọ̀n mí. Bàbá ayàwòrán náà gbé tíì síwájú mi, ó dúró kí n sun ún tán, ó wá béèrè pé, "Kí lo wá máa ń wò?"

Mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo sọ fún un nípa àtàǹpàkò ọ̀tún tí kò ní èékánná mọ́, gìgísẹ̀ tó sán, sálúbàtà aláwọ tó fi wáyà so. Mo ń sọ ọ́ títí tíì fi tutù.

"Ojú ni mo ti ń yà láti kékeré," ló wí. "Kò sẹ́ni tó ní kí n ya ẹsẹ̀ rí."

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, ó gbé àwòrán náà ti ògiri kíṣìnnì rẹ̀, nílẹ̀. Ẹsẹ̀ Dádì ni. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà," ni mo wí, mo sì wà lórí ìkúnlẹ̀, bí a ti ń ṣe nílé, títí Dádì yóò fi ní kí n dìde. Ó pẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kí n dìde.