Fíìmù Tí Ìyá Oníyájì Yìn

"Àwọn tó wà lẹ́yìn! Fi obìnrin tó ń sunkún yẹn sílẹ̀, wo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀!"

Ìyá àgbà tó jókòó tì mí ló ń sọ ọ́ sí mi létí wúyẹ́wúyẹ́, ó sì di èjìká mi mú bí ẹni pé mo fẹ́ sá lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ń run kànáfùrù àti atalẹ̀. Nínú tẹlifíṣàn, ìyàwó kan ń yí nílẹ̀ nítorí pé ọkọ rẹ̀ lé e jáde. Gbogbo obìnrin tó wà ní pálọ̀ wa ló ń nu ojú, ìyá mi gan-an ń fi etí ìborùn fọn imú. Èmi àti ìyá àgbà yìí nìkan ni kò wo ẹni tó ń sunkún. Àwọn aládùúgbò tó wá bá wọn parí ìjà là ń wò, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó kúrò lójú àwòrán.

Ní Doka, nílẹ̀ Hausa, nílé yẹn wà, nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì ṣì pọ̀, tí àwo pẹlẹbẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Ọmọdé ni mí nígbà náà. Ìwé mi kò lọ jìnnà, mo tètè lọ sílé ọkọ, ọmọ mi náà kò sì fi àkókò ṣòfò, ìdí nìyẹn tí mo fi di ìyá àgbà nígbà tí irun mi ṣì dúdú. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́ bó ṣe rí.

Yájì ni ìyá náà ń ṣe tà. Yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ìró odó rẹ̀ ló máa ń jí wa láàárọ̀: ata gbígbẹ, atalẹ̀, kànáfùrù, àti kúlíkúlí tó máa lọ̀ mọ́ ọn. Tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, gbogbo agbo ilé ló máa ń sín. A ó máa ráhùn, òun náà á máa dá wa lóhùn láì gbé orí sókè: "Ẹ sín dáadáa, haba! Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń jẹ súyà, ṣé ojú ọ̀run lẹ rò pé ata ẹ̀ ti ń já bọ́?"

Ṣùgbọ́n kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Tí géètì bá dún, á ti fi ọmọ odó sílẹ̀, á lọ yọjú. Á padà, á gún ún díẹ̀, á tún dìde. Tó bá ń wo fíìmù, bí ẹni tó jókòó lórí ẹ̀gún ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ télọ̀, tó ń gbé yàrá ìkángun, máa ń lọ yá kásẹ́ẹ̀tì wá láti Ungwan Shanu, ilé wa ni a sì ti máa ń wò ó nítorí pé bàbá mi ló ní tẹlifíṣàn ńlá. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, nídìí kànga, oníkálukú á sọ tẹnu rẹ̀.

"Fíìmù àná, wallahi, kò sírú ẹ̀," télọ̀ á sọ. "Obìnrin yẹn mọ ẹkún sun."

Ìyá mi á ní, "Ẹkún nìkan náà ló mọ̀. Látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọkọ wo ni ò ní lé e?"

"Ìyá Oníyájì, ẹ̀yin ńkọ́?" télọ̀ á bi í.

"Èrò inú ẹ̀ kéré jù."

"Èrò kẹ̀? Ṣé mọ́tò ni?"

"Ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe níbẹ̀, ta ni wọ́n pè? Ahun ni wọ́n. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló dáa, inú ọjà ni wọ́n ti ṣe é."

A ó rẹ́rìn-ín títí omi á fi dànù nínú korobá. "Kai, ìyá yìí!" télọ̀ á sọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gún ata yín, ẹ̀yin ò mọ fíìmù."

Ọjọ́ kan tí mò ń bá a ku yájì ní asẹ́, mo bi í léèrè ìdí tí a fi ń wo àwọn tó wà lẹ́yìn. Ó kọ́kọ́ yọjú síta. Lẹ́yìn náà ló sọ pé ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni òun bí. Ààfáà ni ọkọ òun, ọmọ Ìlọrin, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Ọmọ náà ní eré ni òun fẹ́ máa ṣe nínú fíìmù, bàbá rẹ̀ sì ní ọmọ ààfáà kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, pé tó bá lọ, kó má padà wá. Ó lọ lóòótọ́. Bàbá kú lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ìlú sì dàrú, iná jó ilé tí wọ́n ń gbé ní òdì kejì odò, ìyá yìí sì sá wá sí Doka.

"Kò mọ̀ pé bàbá òun ti kú," ó ní. "Kò mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń bínú mọ́. Tó bá tilẹ̀ padà wá, ìdí ilé wo ló máa dé? Mo ti sọ fún gbogbo ará ilé yìí pé táyà ló ń lẹ̀ l'Ékòó. Má tú mi fó. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, tìẹ ló mú bíi ti àwòdì. Ọmọ mi ga, àpá sì wà níwájú orí ẹ̀ níbi tí ilẹ̀kùn ti gbá a."

Láti ọjọ́ yẹn, fíìmù kò dùn mọ́ mi mọ́. Àpá ni mò ń wá. Ọlọ́pàá, adènà, ẹni tó ń gbé agbada ìrẹsì kọjá, iwájú orí gbogbo wọn ni mo máa ń wò.

Ọjọ́ tí mo rí i, òkú ni.

Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó dé ọrùn, àwọn ènìyàn yí i ká, wọ́n ń ké. Àpá yẹn wà níbẹ̀ gbọnrangandan. Ìyá ń fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí: "Àwọn tó ń sunkún yẹn ńkọ́? Ṣé o wò wọ́n?" Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé kì í ṣe inú àwọn tó ń sunkún ló wà?

Ẹ̀rín ẹ̀gbọ́n télọ̀ ló kọ́kọ́ bú jáde. "Ẹ wo òkú! Ẹ wo ikùn ẹ̀, ó ń mí! Fíìmù rádaràda! Òkú tó ń mí bí ẹni tó sáré!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo fi ẹnu sí ìyá létí, mo ní, "Ìyá, àpá wà lórí òkú yẹn."

Ó dìde. Ó lọ síwájú tẹlifíṣàn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Wọ́n ń pariwo pé kó kúrò lójú ẹ̀. Ó ní, "Yí i padà." Bí télọ̀ ṣe ní kóun tẹ bọ́tìnnì ni wọ́n mú iná lọ.

Ìyá kò padà sí yàrá rẹ̀. Iwájú tẹlifíṣàn tó dúdú yẹn ló jókòó sí, ó ń dìde, ó ń jókòó. Nígbà tí ìyá mi bi í pé kí ló dé, ó ní, "Irọ́ ni mo pa fún yín. Ọmọ mi kò lẹ táyà rí." Ó sì ro gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a kò gbọ́ ìró odó.

Ọ̀sán ni iná tó dé. Ẹ̀gbọ́n télọ̀ fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré wọlé pẹ̀lú òwú lọ́rùn, ó yí kásẹ́ẹ̀tì padà. Òkú yọ. Ìyá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì, níbi àyà òkú náà. Aṣọ funfun lọ sókè díẹ̀, ó wálẹ̀.

"Ó ń mí," ó ní. "Ẹ̀yin náà rí i?"

"Ó ń mí, Ìyá," ni télọ̀ sọ. Òun náà ló ń yí i padà, ó tún ń yí i padà, láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

"Alihamudulilahi. Èmi ò rí fíìmù tó dáa tó yìí rí láyé mi."

Nọ́ńbà àwọn tó ṣe fíìmù náà wà lára páálí kásẹ́ẹ̀tì. Télọ̀ mú ìyá lọ sídìí àwọn tó ń gbowó báni pe fóònù lábẹ́ agboòrùn. Ẹni tó gbé fóònù ní òun yóò bá a jíṣẹ́ fún ọmọ rẹ̀. A wá ń retí. Ẹ ò tíì rí ìnira géètì irú ti ìgbà yẹn. Gbogbo ilé ló wá ń yọjú, kì í ṣe ìyá nìkan mọ́.

Ọmọ náà wá lóòótọ́, lọ́sàn-án kan, ó tín-ín-rín, ó gbé báàgì kékeré lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ata tí ìyá rẹ̀ sá. Ìyá wò ó títí. Èyí tó kọ́kọ́ sọ nìyí: "Wọ́n ní kóo ṣe òkú, o wá ń mí gulegule. Ṣé iṣẹ́ tóo tìtorí ẹ̀ sá nílé nìyẹn?" Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀, tó sọ ti bàbá fún un, tí àwọn méjèèjì sì sunkún tí a kò lè yà wọ́n.

Láti ìgbà náà ni ìyá ti ń bú fíìmù bíi gbogbo wa. Eléyìí kò lórí, tọ̀hún kò nídìí. A kì í rí i kó dìde mọ́ kó tó parí.

Ohun tó kù sí mi lára nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé mi ò lè yára fi ẹni tó ń yin nǹkan tí gbogbo ayé ń bú ṣẹ̀sín. Mo máa ń rò pé bóyá ó ní ẹnìkan níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá ọkọ ọmọ mi wá kí wa níbí, ní Afaka. Ó ń wo fíìmù kan lórí fóònù, ojú ibì kan náà ló ń dá padà ṣáá. Àwọn ọmọ mi kéékèèké ń fi Hausa sọ pé kò dára rárá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo lé wọn síta. Mo jókòó tì í, mo bi í pé, "Ta lẹ mọ̀ níbẹ̀?"

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi kò pé. "Mi ò mọ ẹnì kankan o. Orin tí wọ́n kọ níbẹ̀ ló dùn mọ́ mi."

Mo ní kò burú. Mo fa àpótí mi sún mọ́ ọn, a jọ gbọ́ orin náà tán.