Aṣọ Brigid Tí Ìyá Mi Fọ̀, Tó sì Lọ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ gba kóòtù mi lọ́wọ́ àwọn tó ń bá wa fọṣọ ní West Ridge, ní Chicago níbí. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí, òórùn aṣọ onírun àgùntàn tó ṣì tutù, tí áyọ́ọ̀nù gbígbóná ń kọjá lórí rẹ̀, gbá mi nímú. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tó jẹ́ pé gbígbẹ ni aṣọ yín ń jáde nínú ẹ̀rọ, ẹ lè má mọ òórùn yẹn. Ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì na ọwọ́, ó fẹ́ gba tíkẹ́ẹ̀tì, ó pè mí títí, n kò gbọ́. Mo ti padà di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí ìyá mi fi ń lọṣọ.

Kò jìnnà sí ibẹ̀ náà là ń gbé nígbà yẹn. Ìwó làwọn òbí mi ti wá, Mùsùlùmí sì ni wá. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Romeoville, ìyá mi sì wà ní yàrá ìfọṣọ ọsibítù kan nígboro. Ẹ má rò pé nítorí owó nìkan ló ṣe ń fọṣọ o. Bó bá rí àbàwọ́n lára ẹ̀wù àlejò, ara kò ní rọ̀ ọ́ títí àlejò á fi bọ́ ọ fún un. Bàbá mi a máa ní ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀rẹ́ òun kì í fi í pẹ́ nílé wa.

Nínú ilé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni Màmá Nora ń gbé. Ó ní ká pe òun ní Nora, ìyá mi sì ní ẹnu wo la fẹ́ fi pe àgbàlagbà lórúkọ lásán bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ àwọn tó wá láti Ireland. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti tọ́ ọ, àmọ́ nígbà tí irun rẹ̀ funfun tán ló padà sídìí ohun tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ń ṣe, òun àti àwọn obìnrin mélòó kan tí wọ́n jọ ń ka ìwé, tí wọ́n sì jọ ń gbàdúrà ní pálọ̀ rẹ̀.

Ọdún tí wọ́n fẹ́ràn jù ni Imbolc. Ó máa ń bọ́ sí ìgbà tí January bá ń parí lọ, tí òtútù Chicago ń gé etí èèyàn jẹ. Èmi rò pé kò sí ohun tí èèyàn lè máa ṣọdún lé lórí nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá Nora ní ìgbà yẹn gan-an ni ọmú àgùntàn ń bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ wàrà nílẹ̀ wọn, pé ilẹ̀ tí gbogbo wa rò pé ó ti kú ti lóyún. Wọ́n á gbálé, wọ́n á nulẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, wọ́n á tan àbẹ́là sójú gbogbo fèrèsé. Ọ̀kan nínú wọn á jáde sínú yìnyín, á kanlẹ̀kùn, á ní Brigid dé o, àwọn tó wà nínú ilé á sì ní kó máa wọlé bọ̀. Brigid yìí ni òrìṣà obìnrin tó ń ṣọ́ iná ìdáná àti àwọn aboyún. Àwọn mìíràn níbẹ̀ ń pè é ní ẹni mímọ́, wọn kì í sì í bára wọn jà lórí rẹ̀. Mo máa ń dúró lójú fèrèsé wa, mo máa ń wò wọ́n, ó sì ń wù mí bí àwọn àgbà obìnrin wọ̀nyẹn ṣe ń kí àlejò tí ojú kò rí pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

Ohun tí a kò mọ̀ nípa ọdún náà ni ti aṣọ. Màmá Nora a máa ta aṣọ kan sórí igi ọgbà rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé bí Brigid bá ń kọjá lóru, á fọwọ́ kàn án. Aṣọ náà ni wọ́n á wá fi bo aboyún léjìká kó lè bí wẹ́rẹ́.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Àǹtí Eileen, ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá Nora bí, gbé oyún wá sílé ìyá rẹ̀. Ó ti sin ọmọ kan rí. Ẹ̀rù oyún tuntun yìí sì ń bà á débi pé kì í sọ̀rọ̀ ọmọ náà sókè. Aṣọ yẹn ló tìtorí rẹ̀ wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ náà, ìyá mi ń tibi iṣẹ́ bọ̀, yìnyín ń bọ́. Ó rí aṣọ onírun àgùntàn dáadáa lórí igi ọgbà Màmá Nora, tí omi ti ń rin ín. Ó ní ẹ wo aṣọ àwọn aládùúgbò wa tí afẹ́fẹ́ gbé kúrò lórí okùn. Ó gbé e wọlé, ó fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, ó ká a ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí n tó lọ sílé ẹ̀kọ́ láàárọ̀, ó ní kí n gbé e lọ fún wọn, kí n sì kúnlẹ̀ dáadáa.

Mo kúnlẹ̀. Màmá Nora wo aṣọ náà, ó gbóòórùn ọṣẹ lára rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ó ní látọjọ́ tí òun ti ń ta á, Brigid kò bá òun lọ̀ ọ́ rí. Àǹtí Eileen yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó rí aṣọ, ó fọwọ́ bo ikùn rẹ̀, ó padà sínú ilé. Ẹkún rẹ̀ ni mo gbọ́, ẹ̀rín Màmá Nora sì gbẹ. Ìgbà yẹn ló ṣàlàyé fún mi ìdí tó fi ta aṣọ náà síta, pé ilé wa ló wà nígbà tí Brigid kọjá.

Mo sáré sọ fún ìyá mi. Ó já wọ ilé wọn, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ti dà pọ̀ lẹ́nu rẹ̀: "My daughter, ẹ má bínú. Wallahi, mi ò mọ̀. I thought it fell from the line ni." Ó bi wọ́n bóyá wọ́n lè tún un ta lálẹ́. Màmá Nora ní òru náà ti kọjá, ó di ẹ̀ẹ̀mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mìíràn yẹn, oyún kò lè dúró dè é.

Ìyá mi padà wálé, ó ṣí àpótí rẹ̀, ó mú ọ̀já tó fi pọn gbogbo wa. Bàbá mi bi í pé: "Ṣé o fẹ́ bá wọn ṣe ẹ̀sìn wọn ni?"

"Ọlọ́run kan náà ni mò ń bẹ̀," ó ní. "Ẹni tó ń sunkún ni mò ń lọ bá."

Ó jókòó ti Àǹtí Eileen lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní òun ò mọ Brigid, àmọ́ ọmọ mẹ́ta ló ti sùn nínú ọ̀já yìí, ìkankan nínú wọn ò já bọ́ rí. Ó rọra wé e mọ́ ọn lára. Màmá Nora dìde, ó mú aṣọ tí wọ́n lọ̀ náà, ó fi bò ó lórí ọ̀já, ó sì gbàdúrà tirẹ̀ ní èdè tí n kò gbọ́. Ìyá mi ṣe àmín. Mo fẹ́ràn àwọn obìnrin méjèèjì lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni ìyá mi ń yà kí wọn kó tó lọ síbi iṣẹ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí oorun sùn. Nígbà tí ooru mú, Àǹtí Eileen bí obìnrin. Igbe ọmọ náà la fi mọ̀ pé wọ́n ti dé láti ọsibítù. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíṣínì, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Màmá Nora ti kú báyìí. Wọ́n ti wó ilé rẹ̀, ibẹ̀ ti di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Lórí fóònù ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe Imbolc báyìí, ó sì dùn mọ́ mi pé wọ́n ń kọ́ ọ. Ọ̀dọ̀ mi ni ìyá mi wà, eegun rẹ̀ kò gbà á láti fọṣọ mọ́. Nígbà ooru tó kọjá, afẹ́fẹ́ gbé ìnura aládùúgbò wá sórí koríko wa. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n mú un.

"Fi í sílẹ̀," ìyá mi ní.

Mo ní ìnura lásán ni.

"Lọ bi wọ́n ná. Mo ti fọ àdúrà dànù lára aṣọ rí."

Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo sì lọ bi wọ́n.