Epo Pupa Tí Mo Fún Ẹ̀bùn Mu

Ọjọ́ tí Ẹ̀bùn, ìyàwó mi, kú ní Erinje ni n kò lè gbàgbé láé. Láàárọ̀, a ń yan púpurú, oúnjẹ tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe, nígbà tó ní àgbọ̀n ń dun òun, ó sì rẹ òun.

Mo ní, "Ẹjọ́ wẹ́wẹ́ rẹ ló fà á." Ó rẹ́rìn-ín.

Láìpẹ́, ó ń làágùn, ó ń bì. Mo rò pé oró ẹ̀gẹ́ ló mú un. Mo fún un ní epo pupa mu bí a ti máa ń ṣe, mo ní kó sùn.

Ó ti kú kí Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀ tó dé láti ilé ìwòsàn.

"Bàbá, ṣé àyà dùn wọ́n?"

"Rárá, àgbọ̀n ni."

"Àrùn ọkàn náà ni, Bàbá. Ó máa ń ṣe obìnrin bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹ̀ bá tètè gbé wọn wá."

Alùpùpù mi wà lẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀.