Afẹ́fẹ́ Tí Mo Kọ, Tí Mo Tún Lọ Bá Ní Mówè

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo ti ti ilẹ̀kùn mi ní Ìfọ̀. Àwọn tó ń bọ̀ láti ìrun àárọ̀ ló kọ́kọ́ pàdé mi lójú ọ̀nà.

"Ìyá Tíṣà, ṣé kò sí o? Níbo lẹ dorí kọ ní ìdájí yìí?"

Mo ní Mówè ni. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tí ẹ kì í lọ síbì kan! Òjò á rọ̀ lónìí." Mo ní kí ó yáa lọ ká aṣọ rẹ̀ wọlé nígbà náà.

Òótọ́ ló sọ, n kì í jáde. Bí wọ́n bá pè mí síbi ayẹyẹ, ara mi kì í yá. Ṣùgbọ́n Akínlàbí, ọmọ tí mo kọ́ nígbà tó ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé, ti di ọ̀gá ilé ìwé ní Mówè. Òun ló pè mí lórí fóònù pé àwọn ọmọ ilé ìwé láti Mówè, Ìbàfò àti Mágbòrò fẹ́ fi àròkọ díje. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ní kí wọ́n kọ nípa rẹ̀: bó ṣe rí nínú ìwé, àti bó ṣe rí lójú ayé. Ó ní kí n wá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn adájọ́. Bó bá jẹ́ orí ọ̀rọ̀ mìíràn ni, n kì bá tí lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà láàárín èmi àti afẹ́fẹ́. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, mo kọ àròkọ kan nípa afẹ́fẹ́, ojú ewé kan péré. Wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ilé ẹ̀kọ́ wa. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ni ọmọ kíláàsì mi kan, Rẹ̀mílẹ́kún, lọ bá olùkọ́ wa pé òun ti rí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé òyìnbó kan, pé ńṣe ni mo túmọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ kò béèrè orúkọ ìwé náà. Ó fa bébà mi ya lójú gbogbo kíláàsì, ó ní kí n kúnlẹ̀, kí n gbé ọwọ́ sókè títí agogo fi lù. Ti Rẹ̀mílẹ́kún ni wọ́n tẹ̀. Láti ọjọ́ náà n kò fi orúkọ mi sí ohunkóhun tí mo bá kọ mọ́. Nígbà tí mo di olùkọ́ ní Ìfọ̀, mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ náà sójú pátákó láti orí wá, àwọn ọmọ á sì kọ́ ọ sórí lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n n kò sọ fún ẹnì kankan pé èmi ni mo ni ín. Ẹni tí wọ́n bá ti pè ní olè rí, bó bá ru ẹrù ara rẹ̀ pàápàá, ẹ̀yìn ló máa ń wò.

Máíkírà ni mo wọ̀ dé Sáńgò, ẹgbẹ̀rún kan náírà. Ọmọkùnrin ará Ọ̀ṣun kan ló ń wà á. Mo sọ gíláàsì kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí nínú dígí.

"Mummy, ẹ gbé gíláàsì yẹn sókè, eruku ń wọlé."

"Afẹ́fẹ́ ni mo ń wá."

"Kí ẹ sì dúró kí n tan éésì fún yín."

"Ṣé éésì rẹ ń ṣiṣẹ́ ni?"

"Ó ti kú látọdún tó kọjá, Mummy. Mo kàn ní kí n fi bọ̀wọ̀ fún yín ni."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Láti Sáńgò mo wọ ọkọ̀ mìíràn dé Bẹ́gà, láti Bẹ́gà mo bọ́ sójú títì tó lọ sí Ìbàdàn. Afẹ́fẹ́ ojú títì yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ tiwa ní Ìfọ̀. Tiwa máa ń kọ́kọ́ mi orí ọ̀pẹ, ìwọ á gbọ́ ọ kó tó kàn ọ́ lára. Ti ibẹ̀ yẹn, tírélà ló ń gbé e. Bí ọ̀kan bá ré kọjá, yóò gbá ọ létí, yóò sì da òórùn epo sí ọ nímú. Ní Mágbòrò, mo rí àwọn ilé tuntun, ó tò lọ bí ehín. Ilé náà rẹwà, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n ògiri tí wọ́n mọ yí wọn ká ga débi pé bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ wọlé àfi kó kan géètì. Àwọn baba wa máa ń dúró lórí ilẹ̀ títí tí wọ́n á fi mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá kí wọ́n tó la fèrèsé sí i. Àwọn wọ̀nyí kọjú fèrèsé sí fèrèsé, wọ́n sì lọ ra fáànù.

Mo sọ̀ ní Ìbàfò jẹ àkàrà àti ẹ̀kọ. Àkàrà wọn fẹ́lẹ́, ata rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Láti ibẹ̀ mo wọ kẹ̀kẹ́ márúwá dé Mówè.

Nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé náà, wọ́n ti gbogbo fèrèsé pa. Mo bi Akínlàbí pé kí ló dé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ bébà àwọn ọmọ kiri." Mo ní ṣé nítorí pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ni wọ́n ṣe tì í mọ́ta. Ó sáré lọ ṣí fèrèsé méjì, wọ́n sì wá òkúta gbé lé àwọn bébà.

Bí mo ṣe yíjú sí tábìlì àwọn adájọ́, mo rí i. Rẹ̀mílẹ́kún. Irun rẹ̀ ti funfun, ó ti sanra, ó fi gíláàsì sójú, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí n kò ní mọ ojú yẹn. Òun ni alága adájọ́. Àṣé Mówè ló kọ́lé sí nígbà tó fẹ̀yìn tì.

"Ìbídùn!" ó pè mí, ó na ọwọ́. "Ọlọ́run ò jẹ́ ká kú o!"

"Ó hàn," ni mo fi dá a lóhùn. Mo jókòó sí ìkángun tábìlì. Mo fẹ́ dìde kí n máa padà sílé, àfi ìtìjú Akínlàbí.

Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka àròkọ wọn. Ẹnu yà mí. Kò sí ẹni tó dárúkọ ọyẹ́, kò sí ẹni tó mọ ààjà tó ń yí ewé gbígbẹ ká lójú ọ̀nà oko. Ọmọkùnrin kan ní afẹ́fẹ́ tí òun mọ̀ ni ti fáànù, pé bí iná bá lọ, afẹ́fẹ́ náà á lọ. Ọ̀kan láti Mágbòrò kọ nípa ìjì tó ṣí páànù ilé wọn, bí bàbá rẹ̀ ṣe ń sáré tẹ̀ lé páànù náà ládùúgbò tó ń ké sí i bí ẹni ń pe ewúrẹ́ tó já. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Rẹ̀mílẹ́kún pẹ̀lú.

Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti Ìbàfò dìde, ó fi híjáàbù funfun bo orí. Ròkíbátù lorúkọ rẹ̀. Ó la ẹnu, ó ní:

"Afẹ́fẹ́ kò nílé, síbẹ̀ kò sí ilẹ̀kùn tí kò mọ̀ ọ́n. Ó wọlé, kò kí onílé. Ó jáde, kò dágbére. Ewé ni ẹsẹ̀ tó fi ń rìn, eruku ni aṣọ tó ń wọ̀. Òun nìkan ló ń ya ọmọ ìrẹsì kúrò lára èèpo láìbu ìkankan jẹ."

Ọ̀rọ̀ mi ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tó dúró, ọ̀rọ̀ mi ni. Kí n tó lè mí, Rẹ̀mílẹ́kún ti fi ọwọ́ lu tábìlì.

"Dúró níbẹ̀! Olè ni ọmọ yìí. Ó jí ọ̀rọ̀ olọ́rọ̀ kọ!"

Tíṣà tó mú ọmọ náà wá fò dìde, ìtìjú ti bò ó. "Kúnlẹ̀! O fẹ́ bà wá lórúkọ jẹ́! Kúnlẹ̀ níbẹ̀!" Ọmọ náà ti ń tẹ orúnkún.

"Dìde," ni mo wí. N kò mọ̀ pé ohùn mi ṣì lè ròkè tó bẹ́ẹ̀. "Ẹnikẹ́ni kò ní kúnlẹ̀ nítorí ẹnu Rẹ̀mílẹ́kún lẹ́ẹ̀kejì." Mo yíjú sí i. "Ọ̀rọ̀ ta ló jí?"

Ó wo tábìlì. "Ìbídùn, jẹ́ ká sọ ọ́ láàárín ara wa."

"Gbangba lo ti pe ọmọ yìí lólè."

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ rẹ ni. Ìwọ lo kọ ọ́, nílé ẹ̀kọ́."

Akínlàbí dìde lórí àga. "Mà! Ẹ̀yin lẹ kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ fi kọ́ wa?"

Mo ti máa ń rò pé ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu Rẹ̀mílẹ́kún, màá jó. Ẹsẹ̀ mi kò gbé rárá. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé ó ṣì mọ̀ ọ́n lórí.

"Ìwé òyìnbó náà ńkọ́?" mo bi í.

"Kò sí ìwé òyìnbó kankan. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ tẹ̀, tèmi sì wà níbẹ̀. Ọmọdé ni wá, Ìbídùn."

"Ọmọdé tó ti mọ irú irọ́ tí àgbà á gbà gbọ́ kì í ṣe ọmọdé mọ́."

Ọmọ náà ti ń sunkún. "N kò jí i, mà. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà mi ni. Bí wọ́n bá ń fẹ́ ìrẹsì ní Ọ̀fàdà, tí afẹ́fẹ́ ò wá, òun ni gbogbo wọn máa ń sọ kó lè wá."

"Níbo ni ìyá àgbà rẹ ti kàwé?"

"Wọ́n ní Ìfọ̀ ni, mà."

Àṣé ẹnu àwọn obìnrin Ọ̀fàdà ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ohun tí mo fi ẹfun kọ sójú pátákó, tí mo ń fi orúkọ mi pa mọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ni wọ́n ń fi pe afẹ́fẹ́ sí ìrẹsì wọn, ẹnì kan kò sì mọ̀ mí níbẹ̀. N kò mọ̀ bóyá kí n yọ̀ tàbí kí n pariwo. Akínlàbí ló gbẹnu sọ fún ọmọ náà: "Ẹni tó ń ki oríkì ilé wọn, ṣé ó jí i ni?"

Mo ní kí ọmọ náà ka èyí tó kù. Ó nu ojú rẹ̀, ó kà á. Mo ń fi ètè bá a lọ, títí ó fi dé orí gbólóhùn kan tí ètè mi fi dúró:

"Bó bá fẹ́ láti ojú títì nírọ̀lẹ́, ohùn ìyá mi ló máa ń kọ́kọ́ gbé wálé, kí ìyá mi fúnra rẹ̀ tó dé."

"Èyí kì í ṣe tèmi," mo ní. "Ìyá àgbà rẹ ló fi kún un?"

"Èmi ni, mà. Píọ̀ wọ́tà ni ìyá mi ń tà lójú títì. Bí afẹ́fẹ́ bá kọjú sí ọ̀dọ̀ wa, mo máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kígbe rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo máa ń gbé omi ẹ̀bà kaná."

Gbogbo ọdún tí mo fi ń ka ọ̀rọ̀ yẹn, tí mo ń tún un ṣe, n kò rí gbólóhùn tó tó ìyẹn fi sí i. Ó dùn mí, kí n má purọ́.

Mo ní kí Rẹ̀mílẹ́kún sọ pé ọmọ náà kì í ṣe olè, kó sì pariwo rẹ̀ bó ṣe pariwo ti àkọ́kọ́. Ó kùn ún sẹ́nu.

"A ò gbọ́ lẹ́yìn níbí o!" ni ẹnì kan kígbe.

Ó tún un sọ. Àwọn ará ẹ̀yìn gbọ́ ọ lọ́tẹ̀ yìí.

Ọmọ Mágbòrò tó kọ nípa páànù ló gba ẹ̀bùn. Èmi náà ni mo dìbò fún un, nítorí tirẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, gbólóhùn kan kò sì tó àròkọ. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Ròkíbátù lójú ara rẹ̀. Mo ní kó lọ kọ èyí tó kù tí kì í ṣe tèmi. Ó kúnlẹ̀ dáadáa láti dúpẹ́, kò rẹ́rìn-ín sí mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Rẹ̀mílẹ́kún na ọwọ́ sí mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbé báàgì mi sí ọwọ́ ọ̀tún, mo sì kọjá.

Òjò rọ̀ lóòótọ́. Ó ká wa mọ́ Bẹ́gà, ó tún ká wa mọ́ Sáńgò, ilẹ̀ sì ti ń ṣú lọ kí n tó dé Ìfọ̀ pẹ̀lú bàtà tó kún fún omi. Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi kò pọ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láìforúkọ sí i, kò yẹ kó bínú bó bá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn. Èmi bínú. Mo ṣì ń bínú.

Mo yí aṣọ padà, mo mu ògì gbígbóná, mo mú bébà. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà láti òkè dé ilẹ̀, mo sì kọ orúkọ mi sí orí rẹ̀, orúkọ bàbá mi pẹ̀lú. Mo fi gbólóhùn tó sọ nípa ohùn ìyá náà sí ibi tí ọmọ náà fi í sí, mo kọ Ròkíbátù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún, n kò kọ orúkọ rẹ̀ síbì kankan.