Bí mo ṣe se ẹyin Alhaja mọ́nú ẹ̀rọ

Ẹ fún mi láàyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Ọ̀yọ́ lóṣù tó kọjá. Ojú ń tì mí díẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ mí, mi ò lè panu mọ́.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mi ò sí lára àwọn tó ń bá ọmọ iléèwé tẹ fọ́ọ̀mù o. Èmi ni wọ́n ń pè tí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó ń ṣe é. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fáwọn èèyàn nìyẹn, kí wọ́n tó bèèrè pàápàá.

Alhaja kan wà lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán, adìẹ ni wọ́n ń sìn. Àrùn wọ ọgbà wọn nígbà òjò, ó kó adìẹ lọ bí ẹni gbálẹ̀. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù ni wọ́n kó ẹyin wọn jọ, ọ̀ọ́dúnrún ẹyin, tí wọ́n tò sínú ẹ̀rọ tó ń bá adìẹ sàba. Tí àwọn ẹyin yìí ò bá di ọmọ, iṣẹ́ adìẹ ti parí fún wọn nìyẹn. Wọn ò fi bò fún mi lórí fóònù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ojú ẹ̀rọ tó ń fi ìwọ̀n ooru hàn ṣú pátápátá nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta káwọn ọmọ jáde. Ẹ̀rọ ṣì ń gbóná, àmọ́ Alhaja ò rí nọ́ńbà mọ́. Wọ́n wá ń ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ẹ̀rọ oníkẹrosíìnì: wọ́n á mú ẹyin kan, wọ́n á gbé e lé ìpéǹpéjú wọn, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀, wọ́n á ní ó dáa.

Mo rẹ́rìn-ín. Ìpéǹpéjú kẹ̀? Láyé òde òní?

Mo so láptọ́ọ̀pù mọ́ bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ náà, mo ṣí debugger, ìyẹn ètò tí àwa oníkọ̀ǹpútà fi ń yọjú wo ohun tí ẹ̀rọ mìíràn ń rò nínú. Mo ní kó sọ ìwọ̀n ooru fún mi. Mẹ́tàdínlógójì àti ààbọ̀ ló yẹ kí n rí. Ohun tí mo rí ni òdo, pọ́íǹtì, òdo mọ́kànlélógójì tó tò tẹ̀lé ara wọn, kí èje tó wá yọjú lẹ́yìn wọn.

Ẹni tó bá ní làákàyè á ti bi ara rẹ̀ léèrè. Ní Ọ̀yọ́, nínú oòrùn ọ̀sán, ẹ̀rọ tí wọ́n tanná sí á wá tutù bíi yìnyín? Èmi ò bi ara mi ní nǹkan kan. Mo ní òtútù ti ń pa ẹyin lọ.

Alhaja ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹyin kan ojú tán ni, pé ó gbóná bó ṣe yẹ. Mo ṣàlàyé fún wọn, pẹ̀lú sùúrù ńlá, pé ara èèyàn lè tan èèyàn jẹ, kọ̀ǹpútà kì í parọ́. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ó dáa, Ẹnjiníà, ìwọ lo kàwé ẹ̀." Wọ́n lọ kírun Àìlà ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì tibẹ̀ yà kí aláìsàn kan.

Mo já wáyà tó máa ń pa iná ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ tí ooru bá ti tó, kó lè máa gbóná lọ. Mo jókòó ti láptọ́ọ̀pù mi. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí méjì, òdo náà ti ku ogójì. Inú mi dùn, òdo kan ti dín! Mo ní à ń tẹ̀ síwájú nìyẹn.

Alhaja dé, wọ́n mú ẹyin, wọ́n gbé e kan ìpéǹpéjú, wọ́n yára gbé e kúrò. Wọ́n ní ó ti ń jóni. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, pé ó ṣì ku ogójì òdo.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn ẹ̀rọ sílẹ̀ gbayawu, ooru gbá mi lójú débi pé awò ojú mi ṣú. Ìgbà yẹn ni mo tó gbà gbọ́.

Mo pa iná, mo padà sídìí láptọ́ọ̀pù. Mo ní kí debugger má túmọ̀ nǹkan kan fún mi mọ́, kó kàn kó ohun tó wà nínú bọ́ọ̀dù jáde bó ṣe wà. Yàrá mẹ́rin ni irú nọ́ńbà tó ní pọ́íǹtì bẹ́ẹ̀ ń gbà nínú ẹ̀rọ. Láptọ́ọ̀pù mi máa ń to tiẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú. Bọ́ọ̀dù Alhaja, tòkunbọ̀ àtijọ́, ń to tiẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn. Debugger ṣe bí gbogbo ẹ̀rọ ló ń ṣe bíi láptọ́ọ̀pù tó wà lórí rẹ̀, ló bá ka orí sí ìdí. Ìlà kan péré ló yẹ kí n tẹ̀ kó lè mọ irú ẹ̀rọ tó ń bá sọ̀rọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ wàyí. Ó ní: méjìlélógójì.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Alhaja ní kí n dìde, kí n dá wáyà wọn padà, kí n máa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Wọn ò pè mí, àmọ́ mo padà wá lọ́jọ́ kẹta. Àwọn ọmọ adìẹ ń pariwo ní pẹpẹ ìsàlẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Pẹpẹ òkè, tó sún mọ́ iná, dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ti múra àwíjàre sílẹ̀, nípa yàrá mẹ́rin àti bọ́ọ̀dù tòkunbọ̀. Wọn ò bú mi. Wọ́n gbé abọ́ ńlá kan fún mi pé kí n kó ti òkè, kí n sì fọ́ ọ̀kan wò.

Mo fọ́ ọ. Ọmọ adìẹ ti pé nínú rẹ̀. Ó ti hu ìyẹ́, ó ní èékánná, ó kọ ẹnu síbi tó fẹ́ gbà jáde. Mo sunkún, mi ò purọ́ fún yín.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí n tó gba ohun tí ẹ̀rọ kan sọ nípa òmíràn gbọ́, kí n kọ́kọ́ wádìí bóyá apá kan náà ni wọ́n ti ń kàwé. Ìyẹn rọrùn láti sọ. Èyí tó ń dùn mí ni pé ẹnìkan wà níbẹ̀ tó mọ òótọ́, tó sì sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti fi ìwé tẹ́ ẹ kà pa lẹ́nu mọ́ rí, tó jẹ́ pé òun ló mọ̀? Ẹ sọ fún wa nísàlẹ̀ níbí. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ṣì ní nọ́ńbà onítọ̀hún, ẹ kọ́kọ́ pè é. Èmi pe Alhaja láàárọ̀ yìí. Wọ́n gbé e, wọ́n ní àwọn ń fún àwọn ọmọ adìẹ lómi, kí n pè padà.